Nglanggeran: abúlé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé

Òwe àwọn àgbà ni pé ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn abúlé tí ń fi í ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jìnnà púpọ̀ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó wà ní erékùṣù Jáfà, ní orílẹ̀-èdè Indonésíà, ní apá ìlà-oòrùn ayé. Nglanggeran ni orúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀. Ní ọdún 2021, àjọ tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní fún ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn abúlé tí ó dára jù lọ láti bẹ̀ wò ní gbogbo ayé. Oyè ńlá ni èyí. Síbẹ̀, oyè náà kọ́ ni ó yẹ kí àwọn ará oko ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní agbègbè Àjàṣẹ́ fiyè sí. Ohun tí ó yẹ ní fífiyè sí ni pé àwọn ará Nglanggeran ti di ọ̀rọ̀ ara wọn mú kí oyè tó dé, wọn kò sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí owó dé.

Erékùṣù Jáfà fi díẹ̀ tóbi ju ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ń gbé orí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 150 lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ há. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni oko wọn kò tó ẹ̀kítà kan. Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn, ìrẹsì sì ni wọ́n ń gbìn jù lọ. Wọn a máa gé ara òkè ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, wọn a sì máa darí omi láti ìpele kan sí èkejì. Bí ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè bá dá omi dúró, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ yóò jìyà. Omi yìí ni ó ti kọ́ àwọn ará Jáfà láti ayébáyé pé ẹnìkan kò lè dá oko ṣe.

Nglanggeran wà ní agbègbè Gunungkidul, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Yogyakarta. Ìtumọ̀ Gunungkidul ní èdè Jáfà ni òkè ìhà gúúsù. Abà márùn-ún ni ó para pọ̀ di abúlé náà. Àpáta ńlá kan dúró lẹ́yìn ilé wọn bí odi. Òkè tí ń yọ iná ni àpáta yìí jẹ́ ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n iná inú rẹ̀ ti kú láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ní orí òkè náà, ibùgbé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Kampung Pitu. Eéje ni ìtumọ̀ pitu. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, èèwọ̀ ni kí ìdílé tí ń gbé ibẹ̀ ju méje lọ. Bí ọmọ kan bá gbéyàwó, tí ìdílé méje sì ti pé, ó ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ kọ́ ilé tirẹ̀ sí ibòmíràn. Àlejò lè fi àṣà yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò ó jinlẹ̀ yóò rí i pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ilẹ̀ ní iye ènìyàn tí ó lè bọ́, ẹni tí kò bá sì mọ iye náà yóò ba ilẹ̀ jẹ́. Ọgbọ́n yìí yóò tún hàn nínú ìtàn abúlé náà.

Gunungkidul kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, omi òjò kì í dúró. Ńṣe ni ó ń wọ inú òkúta lọ. Ìyàn ti mú níbẹ̀ rí, pàápàá ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí kò bá sí ìrẹsì, gbágùúdá ni ó ń gba àwọn ènìyàn là. Wọn a bó o, wọn a sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ, wọn a gún un di ìyẹ̀fun, wọn a sì fi ooru omi sè é. Tiwul ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Ìyàwó ilé tí ó mọ làfún rò ní Kétu kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé iṣẹ́ yìí fún un. Gbágùúdá kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ Jáfà, gẹ́gẹ́ bí kò ti jẹ́ ohun ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti la òkun wá sí ìhà méjèèjì. Fún ìgbà pípẹ́, oúnjẹ òtòṣì ni wọ́n ka tiwul sí. Lónìí, àwọn àlejò ń fi owó wọn rà á jẹ. Oúnjẹ náà kò yí padà. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí padà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, òkè Nglanggeran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìhòòhò. Wọ́n ti gé igi rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́ òkúta rẹ̀ tà. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ni ó dìde. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ irú èyí wà ní gbogbo abúlé Indonésíà, Karang Taruna ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò dúró de ẹni tí yóò san owó oṣù fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sára òkè náà, wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀nà tí ó gun orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí èrè tó yọjú.

Irú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe báyìí ni wọ́n ń pè ní gotong royong ní Jáfà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé a pe aládùúgbò, gbogbo wọn a sì wá gbé òpó dúró. Bí ayẹyẹ bá wà, àwọn obìnrin a kóra jọ láti dáná. Ní òru, àwọn ọkùnrin a máa ṣọ́ abúlé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, igi oníhò tí wọ́n ń lù ni wọ́n sì fi ń kìlọ̀ bí ewu bá dé. Wọ́n tún ń dá owó jọ, wọn a sì ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò kó o lóṣù náà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Yogyakarta ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2006, àwọn tí ó kú ju 5,000 lọ, ilé àìmọye sì wó. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ilé tètè dìde padà. Ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀wẹ̀, ó ní àáró, ó ní èsúsú. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ará oko bi ara wọn ni ìgbà tí wọ́n pe ọ̀wẹ̀ kẹ́yìn fún ohun tí í ṣe ti gbogbo abúlé, tí kì í ṣe ti ẹnìkan.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú kòkó. Àwọn àgbẹ̀ Nglanggeran ń gbin kòkó. Tẹ́lẹ̀, wọn a ká a, wọn a sá a, wọn a sì tà á fún oníṣòwò. Oníṣòwò ni ó ń dá iye lé e. Àgbẹ̀ kì í mọ ibi tí kòkó rẹ̀ ń lọ, kì í sì í tọ́ ohun tí wọ́n fi í ṣe wò. Nígbà tí ó yá, abúlé náà dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí ó ń sọ kòkó di ṣokoláàtì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yan èso, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń dì í fún títà. Wọ́n tún ń sin ewúrẹ́, wọ́n sì ń lo wàrà rẹ̀. Ní ọdún 2013, wọ́n ṣí adágún omi kan tí a gbẹ́ sí orí òkè láti máa bomi rin àwọn igi eléso.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwọn ará Sábẹ̀ẹ́ tí ń gbin kajú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fi òfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa lọ sí òkè òkun, kí ilé iṣẹ́ inú ilẹ̀ lè máa rí i ṣe. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá tí ó jìnnà sí oko kò tó. Bí àgbẹ̀ bá ṣì ń ta kajú rẹ̀ láìmọ ohun tí ó ń dà, oníṣòwò nìkan ni ó yí padà fún un. Ipò rẹ̀ kò yí padà. Abúlé tí ó lè yan díẹ̀ nínú irè oko rẹ̀, kí ó dì í, kí ó sì tà á, yóò lè bá oníṣòwò dúnàádúrà pẹ̀lú ẹnu tí ó dá ṣáká.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó ṣòro jù, òun ni ó sì níyì jù. Igi hù padà lórí òkè, òkìkí abúlé náà kàn, àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní ọdún 2014, iye wọn ju 300,000 lọ. Ìlú mìíràn ì bá lu ìlù ayọ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí pọ̀, ọ̀nà orí òkè ń bàjẹ́, àwọn onílé kò sì rí àyè sinmi. Àwọn ará Nglanggeran ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè ní ìwà òmùgọ̀: wọ́n fi kún owó ìwọlé kí àlejò lè dín kù. Wọ́n sì ní kí ẹni tí ó bá wá sùn ní ilé àwọn ará abúlé, kí ó jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè, kí ó wọ inú ẹrẹ̀ kí ó kọ́ bí a ti ń gbin ìrẹsì. Àlejò dín kù lóòótọ́. Owó tí ń wọlé kò dín kù. Ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Ọgbọ́n ìdílé méje náà nìyẹn. Abúlé tí kò mọ iye tí ó lè gbé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ohun tí àlejò ń wá wò.

Ẹ̀kọ́ tí ó kẹ́yìn kan ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà gan-an. Ní ọdún 2014, orílẹ̀-èdè Indonésíà ṣe òfin kan lórí abúlé. Láti ọdún 2015, ìjọba ń fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àwọn abúlé tí ó ju 70,000 lọ. Àwọn ará abúlé ni ó ń pàdé láti pinnu ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe. Òfin sì ní kí a fi ìṣirò owó náà hàn gbogbo ènìyàn. Nítorí náà ni a fi ń rí pátákó ńlá níwájú ọ́fíìsì abúlé: iye tí ó wọlé, iye tí ọ̀nà gbà, iye tí omi gbà, iye tí ó kù. Òfin yìí kò sọ gbogbo olórí abúlé di olóòótọ́. Àwọn kan kó owó jẹ, ilé ẹjọ́ sì sọ wọn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n pátákó kò lè ṣọ́ owó fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó lè kà á ni ó ń ṣọ́ owó. Níwájú ẹni tí kò mọ̀wé, àwọ̀ mèremère lásán ni pátákó náà.

Àwọn kan yóò sọ pé Jáfà jìnnà, pé ìjọba ibẹ̀ lówó, àti pé kò sí àpáta ńlá tí àlejò yóò wá wò ní abúlé tiwọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Nglanggeran pàápàá kì í ṣe ọ̀run rere. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ẹsẹ̀ àlejò dá, owó wọn sì dá pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí kò ju ọkọ́ sílẹ̀ ni ó ní ibi tí wọn yóò padà sí. Ṣùgbọ́n àpáta kọ́ ni ó gbin igi. Àpáta náà ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàn ń mú. Ìjọba kọ́ ni ó sì kọ́kọ́ gun òkè pẹ̀lú ọkọ́. Ọmọ abúlé ni.

Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ó kọjá agbára abúlé kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó ń ta gbágùúdá tàbí kajú lè kọ ìṣirò rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ó sì ka á sókè níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ìgbìmọ̀ tí ń gba owó ẹ̀rọ omi lè lẹ ìwé iye tí ó gbà mọ́ ara ògiri. Àwọn ará abúlé lè lọ sí ọ́fíìsì mérì kí wọ́n sì béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí a kọ iye owó tí ó kan abúlé wọn ní èdè tí wọ́n lè kà, kì í ṣe ní èdè Faransé nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti fi ìrọ̀lẹ́ wọn kọ́ ìwé lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè kọ orúkọ wọn nìkan ni. Kọ́kọ́rọ́ ni ìwé kíkà jẹ́. Bí onílé bá gba kọ́kọ́rọ́ tí kò sì fi ṣí ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ni yóò máa wọlé tí yóò máa jáde nínú ilé rẹ̀.