Yorùbá Ni Kí Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Fi Kan Ilẹ̀kùn Òbí

Gbólóhùn kékeré kan wà tó máa ń gba ẹ̀rín lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé: "Lọ pe òbí ẹ wá." Kò sí ọmọ tó gbọ́ ọ tí yóò rò pé wọ́n fẹ́ yin òun lójú ìyá òun. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ ti dé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bẹ ọlọ́kadà àdúgbò pé kó wá dúró bí ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn, kó gbọ́ ẹ̀sùn, kó bẹ̀bẹ̀, kó sì máa lọ. Òbí gan-an kò ní mọ̀ láé pé wọ́n pe òun.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá sì wá ńkọ́? Ìyá á bo ọjà rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní kí onísọ̀ kejì bá òun fojú sí i, á sáré dé ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ṣí ìwé tí bírò pupa ti kún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ìyá á máa mi orí. Nígbà tó bá yá, á yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Kí ni wọ́n ń wí?" Ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pe ìpàdé ló máa wá túmọ̀ ẹ̀sùn náà. Ó ti di ògbufọ̀ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀, ohun tó bá sì wù ú ló máa sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì ìdánwò tó ń lọ sílé ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan rí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tó ni èsì náà ló ń kà á fún bàbá.

Ohun kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀: olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama nílẹ̀ Yorùbá kò lè dé inú ọmọ láìgba ọ̀dọ̀ òbí kọjá, kò sì lè fi èdè tí òbí kò gbọ́ dé ọ̀dọ̀ òbí. Yorùbá ló yẹ kó fi kan ilẹ̀kùn, kó sì tètè kàn án kí wàhálà tó dé.

Ẹrù tó wà lọ́rùn olùkọ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, kò sí ẹni tí kò ní ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè 60 ni, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní ìbéèrè 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ìbéèrè 180 nìyẹn. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC tàbí NECO, ó ṣòro kó wọ yunifásítì, bó ti wù kó mọ físíìsì tó. Òbí tí kò kàwé mọ èyí dáadáa. Òun ló ń sanwó lẹ́sìnnì, òun náà ló ń sanwó ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí èyí àkọ́kọ́ bá forí ṣánpọ́n. Nítorí náà, bí kò bá yọjú sí ilé-ìwé, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ọmọ kò ká a lára. Ojú ló ń tì í. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà bi òun ní ohun tí òun kò ní lè dáhùn níwájú ọmọ òun.

Àwọn kan yóò ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń sọ Yorùbá ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, wọ́n sì ti dán an wò nílẹ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta wọ́n yọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìlànà ìjọba ti ń lọ, ó ti ń bọ̀. Ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2025, wọ́n fagi lé e. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà kankan, yálà ti àná tàbí ti òní, tó ní kí olùkọ́ má fi Yorùbá kí ìyá ọmọ.

Olùkọ́ tó bá sì ń gbọ́ Yorùbá ilé ọmọ máa ń rí gbòǹgbò àṣìṣe tí ẹlòmíràn kàn ń fi bírò pupa fà. Nínú Yorùbá, "ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti òjò. Kò yẹ kó yani lẹ́nu bí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọkùnrin pe àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú lẹ́tà. A kì í pe àgbà ní "ó", "wọ́n" la fi ń pè é, nítorí náà ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa á kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀ bí ẹni pé bàbá méjì ló ní. A máa ń gbọ́ òórùn lédè wa, ọmọ á mú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún etí, á fi ṣe iṣẹ́ imú. Ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà sí ilé tí wọn kì í ya "s" àti "ṣ" sọ́tọ̀ á gbé e wọ ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó fi hàn pé olódo lọmọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èyí tó rí nílé ló kó wá. Olùkọ́ tó bá bá òbí sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ti fetí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Á lè wá sọ fún ọmọ pé: "Ohun tí o kọ tọ̀nà ní Yorùbá. Wo bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe tirẹ̀." Ọmọ tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ báyìí kò ní máa fi ìwé rẹ̀ pamọ́ mọ́.

Wọlé Ṣóyínká ti fi olùkọ́ tó kẹ̀yìn sí ilé hàn wá nínú eré The Lion and the Jewel, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1963. Lákúnlé, olùkọ́ ilé-ìwé ní Ìlújinlẹ̀, ń da Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bo Sìdí, ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà ìlú, kò sì fẹ́ san owó orí. Baálẹ̀ àgbàlagbà, Bárókà, ni Sìdí fẹ́ nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ SS3 ló ti ka ìwé yìí fún ìdánwò lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ wọn náà kà á fún ara wọn, kí wọ́n sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì Lákúnlé kò ṣí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ọ̀rọ̀ rere kọ́kọ́ ṣáájú. Bí olùkọ́ bá pe ìyá ní ọ̀sẹ̀ kejì táàmù pé ọmọ rẹ̀ ka ìwé sókè ketekete níwájú kíláàsì, ìyá náà kò ní gbàgbé ohùn yẹn. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ kan náà bá pè é pé ọmọ ti ń sá kíláàsì, kò ní rò pé wọ́n kórìíra ọmọ òun. Ẹni tí kò lè ka lẹ́tà lè gbọ́ ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á sì tún un gbọ́ fún bàbá ọmọ lálẹ́, láìsí ògbufọ̀ kankan láàárín.

Kí iṣẹ́ àmúrelé náà máa rán ọmọ sí òbí. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ́ wọn ní àròkọ tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nǹkan, kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni àpẹẹrẹ ti ń wá? Kí ó ní kí ọmọ lọ bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí: bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń rin ín, bí wọ́n ṣe ń dì í sínú àpò tí wọ́n sì ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Ọmọ mẹkáníìkì á bi bàbá rẹ̀ bí a ṣe ń mọ̀ pé bírékì ti jẹ tán. Yorùbá ni wọn yóò fi gbọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ọ́. Ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ àti aburú tó wà nínú kéèyàn kánjú, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu òbí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá tó rò pé òun kò ní ohunkóhun láti fi ran ọmọ lọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì ti di olùkọ́ nílé ara rẹ̀, ọmọ sì rí i bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní PTA, nílò àtúnṣe pẹ̀lú. Níbi púpọ̀, owó ni wọ́n fi ń ṣí i, owó ni wọ́n fi ń pa á dé: owó àga, owó òrùlé, owó ọlọ́dẹ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì ń pè é, nígbà tí ọjà gbóná jù lọ. Bí wọ́n bá gbé e sí ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá ṣe é, tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè láti bá òbí mẹ́ta, mẹ́rin sọ̀rọ̀ lójúkojú, àwọn tó ń sá fún un yóò wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Kò dára kí ẹnikẹ́ni di ẹrù yìí lé olùkọ́ lórí láìwo ohun tó ti rù tẹ́lẹ̀. Kíláàsì ọlọ́gọ́rin ọmọ kò ṣọ̀wọ́n ní ilé-ìwé ìjọba. Bí olùkọ́ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka àròkọ ọmọ kan, ìṣẹ́jú 400 ni yóò lò lórí kíláàsì kan, ó lé ní wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀, kíláàsì mẹ́ta sì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òbí kan tún wà tí wọ́n ń wọ ilé-ìwé wá láti na olùkọ́ tó bá ọmọ wọn wí. Àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n lè gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn ìdánwò sójú pátákó. Ìwà ìbàjẹ́ ni, kò sì sí àwáwí fún un. Síbẹ̀, ẹ wo òbí tí kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún láti SS1, tó wá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kò lè kọ lẹ́tà nígbà tí WAEC ku oṣù mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá fi ìbẹ̀rù jí báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta èsì kò jìnnà sí i.

Nítorí náà, kí ọ̀gá ilé-ìwé ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ fún olùkọ́ láti bá òbí sọ̀rọ̀, kí owó ìpè má sì ti àpò olùkọ́ jáde. Òbí márùn-ún lójúmọ́, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 16, gbogbo ilé ọgọ́rin ọmọ ni ohùn olùkọ́ yóò ti wọ̀. Táàmù kò ní tíì dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ kò sì le: "Ẹ kú ọjà o, Mà, ẹ ó jèrè. Èmi ni mò ń kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò ṣe nǹkan kan o, ẹ má jáyà. Àròkọ tó kọ lórí bí ẹ ṣe ń yan gàrí ni mo kà tán báyìí, mo ní kí n pè yín kí n kí yín."