Ọkọ̀ Tó Ń Mu Omi: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Fún Ara Wa

Irú fídíò kan ń yí kiri lórí WhatsApp: ọkùnrin kan á bu omi sínú táńkì, á ṣáná sí ọkọ̀, ọkọ̀ á dún, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Wọ́n á ní háídírójìn wà nínú omi, pé àwọn olówó epo ni kò fẹ́ ká mọ̀. Nígbà tí a ní kò rí bẹ́ẹ̀, èsì tí a gbà ni pé, "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀ nípa ọkọ̀?" Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tí a mọ̀.

Òótọ́ ni pé háídírójìn wà nínú omi. Ṣùgbọ́n háídírójìn tó ti jóná tán là ń pè ní omi. Eérú rẹ̀ ni. Ta ló ń fi eérú dáná? Bí a bá fẹ́ yọ ọ́ padà, a ní láti fi iná mànàmáná yà á kúrò lára ọ́síjìn, agbára tí a ó ná síbẹ̀ yóò sì ju èyí tí a ó rí gbà lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Stanley Meyer, ní òun ti ṣe ọkọ̀ tó ń fi omi rìn. Ní 1996, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ohio dájọ́ pé jìbìtì ni, wọ́n sì ní kó dá owó àwọn tó bá a dókòwò padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ ó ní, "Toyota ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Toyota gbé Mirai jáde ní 2014. Háídírójìn ló ń lò, omi nìkan ló sì ń kán sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni a fi ń rọ ọ́ kún. A ò bẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ ni à ń bá jà.

Gáàsì yìí fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì lọ. Kó tó lè gba inú táńkì ọkọ̀, wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀ dé 700 bar, èyí tó tó nǹkan bí ìlọ́po 300 ti inú táyà. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di olómi, ó di kí òtútù rẹ̀ dé ìwọ̀n 253 sísàlẹ̀ òdo. Ó ń yọ́ gba ihò tí ọ̀pọ̀ gáàsì mìíràn ò lè gbà, ó ń mú kí irin kan gbẹ kó sì máa sán, bó bá sì gbiná lọ́sàn-án, ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí ọwọ́ iná rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú yúníìtì iná tí à ń rà sórí mítà. Ó ń gbà ju yúníìtì 50 lọ kí a tó rí kílógíráàmù háídírójìn kan láti inú omi. Kílógíráàmù kan yẹn á gbé Mirai rin díẹ̀ lé ní 100 kìlómítà. Bí a bá ki yúníìtì 50 kan náà sínú ọkọ̀ oníbátìrì, ó lè rìn ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé láti ara gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú háídírójìn ayé, èéfín ibẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ wo California tó ti náwó gọbọi sí i. Ní 2023, kílógíráàmù kan di nǹkan bíi dọ́là 36 ní ọ̀pọ̀ ilé epo háídírójìn. Ní 2024, Shell ti àwọn tirẹ̀ tó wà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ pa. Ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ilé ló wá dùn wá jù. Ní 2012, ọmọbìnrin mẹ́rin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá sí Maker Faire Africa ní Èkó. Wọ́n ń yọ háídírójìn láti ara ìtọ̀ láti fi mú un ṣiṣẹ́. Orí wa wú. Ṣùgbọ́n ariwo tó gba ayé ni pé ìtọ̀ ti di epo. Díẹ̀ làwọn tó béèrè iná tó kọ́kọ́ ya háídírójìn náà. Ọmọ tó bá gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí a ń sọ òótọ́ fún. Ìpàtẹ́wọ́ nìkan kò tó o.

Látìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023, owó ọkọ̀ ń jẹ wá lára. Iná ìjọba wó lulẹ̀ léraléra ní 2024. Ṣé iná yẹn náà la fẹ́ fi ya omi? A ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ fún wa ní iná tó dúró àti bọ́ọ̀sì tó tó èrò. Kí háídírójìn máa lọ síbi tó ti wúlò, bíi iṣẹ́ ajílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi fídíò náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ má bú u. Ẹ kàn bi í pé: "Níbo ni iná tó ya omi yẹn ti wá?" Kẹ́ ẹ wá dúró de èsì.