Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Rú Èéfín Lè Ti Jẹ

Láàárín àwọn tó ń ra ọ̀kadà àlòkù fún ọ̀nà oko eléruku, èrò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin: bí ẹ́ńjìnnì kò bá ti rú èéfín, inú rẹ̀ pé. Èrò náà kò tọ̀nà rárá, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun di onígbèsè.

Èéfín aláwọ̀ búlúù kò sọ ju pé ọ́ìlì ń jóná nínú sìlíńdà, ìyẹn ihò tí písítìnnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Ọ́ìlì náà lè gba ara ríìngì písítìnnì tó ti jẹ wọlé, ó sì lè jẹ́ rọ́bà kékeré ìdí fáàfù, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ló gbà wọlé. Èéfín dúdú ní tirẹ̀ jẹ́ ti epo tó pọ̀ jù, kábúrétọ̀ ló sì sábà ń fà á. Nínú ẹ́ńjìnnì two-stroke, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, èéfín a máa jáde kódà nígbà tó bá wà ní tuntun.

Eruku gan-an ni ọ̀tá. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá ya, yanrìn kíkúnná a máa lọ ríìngì àti ara sìlíńdà bí ọlọ ṣe ń lọ ata, a sì máa jẹ ojú ibi tí fáàfù ń jókòó sí. Fáàfù tí kò bá padé dáadáa mọ́ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí písítìnnì fún pọ̀ jò lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ́ìlì kankan kò jóná níbẹ̀, èéfín kò ní yọ. Kìkì ohun tí ọlọ́kadà yóò rí ni pé kíkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀kadà kò tètè jí, kò sì lè gbé àpò kòkó gun òkè. Béárìn kọ́ńró, irin tó so písítìnnì mọ́ kránkì, náà lè jẹ títí yóò fi máa dún kó-kó-kó láìsí èéfín.

Inú ẹ́ńjìnnì ni kí olùrà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ́ìlì tó ki tí òǹtajà rọ sí i lè bo èéfín àti ariwo mọ́lẹ̀. Kí ó da díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà sórí aṣọ funfun, kí ó wò ó nínú oòrùn: ẹ̀rún tó ń dán tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé lè jẹ́ ti písítìnnì, nítorí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Bí kíkì bá rọ̀, kí mẹkáníìkì yọ pulọ́ọ̀gì, kí ó da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan síhò rẹ̀, kí ó dá pulọ́ọ̀gì padà, kí ó sì tún tẹ kíkì. Bí ó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìngì tàbí sìlíńdà ló ti jẹ, ọ́ìlì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dí àlàfo wọn. Bí kò bá yí padà, kí ó tú orí ẹ́ńjìnnì, kí ó yẹ fáàfù wò.