Kí Ló Burú nínú Ìwé Tó Ń Dẹ́rù Bani?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà gbà pé bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ìwé ìmọ́tótó, ìwé ìtọ́jú ọmọ àti ìwé ìṣirò ọjà nìkan ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú ìtàn iwin wá, wọn a ní ọmọlúàbí kì í ka irú ìyẹn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Etí tó ti ń gbọ́ àlọ́ iwin láti kékeré kò ní di lójijì nítorí pé inú ìwé ni àlọ́ náà wà.

Ìwé kan wà tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Albarika, ní ìlú Parakou, gbọ́ nípa rẹ̀. Helen Oyeyemi ló kọ ọ́. Ìbàdàn ni a bí i sí ní ọdún 1984. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó dé London. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ṣì wà nígbà tó kọ ìwé náà, The Icarus Girl, tó jáde ní ọdún 2005.

Jess ni orúkọ ọmọ inú ìtàn náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n mú un láti London wá sí Nàìjíríà kí ó lè mọ bàbá ìyá rẹ̀. Nínú ọgbà bàbá àgbà yìí ni ó ti pàdé ọmọbìnrin kan tí ẹlòmíràn kò rí. Títíọlá ni ọmọ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n Jess kò lè pè é, ó sì sọ ọ́ di TillyTilly. Ọ̀rẹ́ dáadáa ni lákọ̀ọ́kọ́. Ó tẹ̀ lé Jess padà sí London. Nígbà tó yá, ẹni tó bá ṣẹ Jess bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi. Lẹ́yìn náà ni TillyTilly tú àṣírí kan: ìbejì ni Jess, èkejì rẹ̀ sì kú ní ọjọ́ tí a bí wọn. Ìyá àti bàbá mọ̀. Wọn kò sọ fún un rí. Níkẹyìn, TillyTilly ń fẹ́ kí Jess fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí òun lè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó ba àgbàlagbà lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí ni ìdákẹ́jẹ́ àwọn òbí. Iwin rí àyè wọlé nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Benin gan-an. Ní ọdún 2011, onímọ̀ méjì, Jeroen Smits àti Christiaan Monden, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìbí ìbejì ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀. Ilẹ̀ Benin ló ga jù nínú gbogbo wọn: nínú ìbí 1000, nǹkan bí 28 jẹ́ ti ìbejì. Ní ọdún 2017, àwọn méjèèjì tún fi hàn pé ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà, nǹkan bí ọ̀kan nínú ìbejì márùn-ún ló ń kú kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nítorí náà, Táyé tí kò ní Kẹ́hìndé mọ́ pọ̀ láàárín ìlú. Kí ni a ń sọ fún wọn? Àwọn Fọ̀n kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ wá igi nínú igbó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ni, ó sì dára lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kù nílé lè máa retí onígi náà títí.

Àwọn kan yóò ní ìwé yìí ń dá òrìṣà padà, nítorí ère ìbejì wà nínú rẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà gan-an, Albarika, kò yàtọ̀ sí alùbáríkà tí Yorùbá ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ sì ni ìbejì ti ń jẹ́ Hasana àti Huseina. Ìwé kò ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ère. Ó ní ìyá kan wà tí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí ọ̀fọ̀ rẹ̀, nítorí àṣà ilé rẹ̀ ti jìnnà sí i, àṣà ibi tó ń gbé kò sì ràn án lọ́wọ́. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù nínú ìwé Yorùbá kì í sì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti kà á láti ìran dé ìran. Àmọ́ ọkùnrin ni gbogbo ọdẹ tó lọ sí Òkè Lángbòdó. Ọmọbìnrin tó ń wá ara rẹ̀ nínú igbó náà yóò wá a tì.

Àtakò kan wà tó wúwo ju èyí lọ. Ní agbègbè Borgou, àwọn kan gbà láti ayébáyé pé ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ bá kọ́kọ́ hù, àjẹ́ ni. Wọ́n pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n fi í tọrẹ. Òfin ọmọdé ti ọdún 2015 lòdì sí i, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú ọkàn ní ọjọ́ kan. Ǹjẹ́ ìtàn ọmọdé tó ń bá iwin rìn kò ní ru irú èrò bẹ́ẹ̀ sókè? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a bá kà á ní ìlàjì. Ẹni tó bá kà á parí yóò rí i pé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n mú Jess lọ. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò nílé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùkọ́ ka gbogbo rẹ̀ kó tó gbé e dé iwájú kíláàsì, kó sì jẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ kà á sókè.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé Yorùbá ní Parakou lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkópọ̀ kúkúrú ní èdè Yorùbá, orí kan lọ́sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá dé òpin, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n: Jess wà lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn lẹ́yìn ìjàmbá ọkọ̀, bàbá àgbà rẹ̀ ti gbé ère ìbejì sínú yàrá náà, òǹkọ̀wé kò sì là á yé ẹnikẹ́ni bóyá inú ayé yìí ni ọmọ náà jí sí.