Olùkọ́ Tí Ó Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Kọ́kọ́ Jókòó Ṣírò

Ní sáà tí ó kọjá, ẹgbẹ́ ìjíròrò wa pàdé ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ tí a sì gbé kalẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí Ìjọ ti kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí ó lọ di nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà? Àwọn tí ó ní kò tọ́ ni ó borí. Olórí wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù. Ó fi irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí ó ti gbé ọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ tí ó sì ń wo ẹ̀yìn, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa iná tí olúkúlùkù ti dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì rí i pé ẹnu dídùn ni a pàtẹ́wọ́ fún. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ olóòtú ìwé wa yìí kí ó fún mi ní àyè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí obìnrin kan. Ìyáàfin Kofoworola Abeni Pratt, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1915, gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Èkó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wù ú tipẹ́, bàbá rẹ̀ ni kò fẹ́. Ní ọdún 1946 ó lọ sí London, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé-ìwòsàn St Thomas', nígbà tí ó sì padà wá sílé, òun ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní U.C.H. ní Ìbàdàn. Ta ni nínú wa tí yóò dìde sọ pé ìyá yìí wo ẹ̀yìn? Sùúrù tí ó fi kọ́ ọmọdé ni ó gbé lọ sí ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn. Nítorí náà, kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ sí apá kan. Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa jiyàn lé lórí ni bóyá ẹni tí ń lọ mọ iye tí ọ̀nà náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn ará wa tí ó ti ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà ń sáré sí. Fún ẹni tí ó ti gba oyè yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, àwọn yunifásítì wọn ṣètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí a ké kúrú, tí a ń pè ní A.B.S.N. Saint Louis University ni ó kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ní ọdún 1971, lónìí ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Oṣù 11 sí 18 ni a sábà máa ń fi ṣe é. Ní ìparí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sí ìdánwò NCLEX-RN kan náà tí ẹni tí ó lo ọdún 4 ń jókòó sí. Irú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọdún 2 ni tiwọn. N kò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà "kúkúrú" ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Oṣù 16 tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe oṣù 16 ti ayé. Kí yunifásítì tó gba ènìyàn wọlé, ó gbọ́dọ̀ ti yege nínú àwọn ẹ̀kọ́ kan: ẹ̀yà ara ènìyàn àti bí ó ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó jẹ́ apá méjì, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, kẹ́mísírì, ìṣirò sitatísíìkì, oúnjẹ àti ara, àti bí ènìyàn ti ń dàgbà láti ìkókó títí dé ọjọ́ ogbó. Ti ìkẹyìn yìí nìkan ni ó jọ ohun tí àwa ń kọ́ níhìn-ín. Ẹni tí ó gba oyè nínú èdè Yorùbá tàbí nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì yóò jókòó ti àwọn ìwé wọ̀nyí fún ọdún kan ó kéré tán, nítorí apá kìíní ẹ̀yà ara ni a ń ṣe kí a tó ṣe apá kejì, a kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì náà ti ju ọdún 5 tàbí 7 lọ; ẹni tí ó bá ṣe é tán tí ó sì ń fi ọjọ́ sún ọjọ́ lè rí i pé ó ti díbàjẹ́ bí èkuru àná. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ìgbàwọlé, tí púpọ̀ nínú wọn ń lo TEAS fún, àti ìwé ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ́ ọ.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa gan-an, tí a kò sì gbọdọ̀ pa mọ́: ìwé ẹ̀rí N.C.E. wa kì í ṣe oyè yunifásítì lójú wọn. Mo mọ ẹni tí ó gbé e lọ pẹ̀lú ìgboyà, tí wọ́n sì fi ìrẹ̀lẹ̀ dá a padà. Ẹni tí ó bá ní irú ète yìí lọ́kàn, kí ó parí oyè ọdún 4 rẹ̀ ná.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí owó. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́ tí kò jókòó ṣírò. Ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tán, owó tán, àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn wa máa ń béèrè pé, "Èló ni owó ilé-ẹ̀kọ́ náà?" bí ẹni pé ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kejì. Ní yunifásítì aládàáni tí ó lórúkọ kò ṣọ̀wọ́n kí ó ju $60,000 lọ, ti ìjọba ìpínlẹ̀ a sì máa dín fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń jẹ owó jù, tí kò sí nínú ìwé kankan tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi ránṣẹ́ sí ọ, ni oṣù tí ènìyàn kò fi níí gba owó iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a ti dì pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ kíláàsì, ní ọjọ́ mìíràn wákàtí 12 ní wọ́ọ̀dù, ní òru ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kìlọ̀ gbangba pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣiṣẹ́ rárá.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì ṣe ìṣirò kan sí ẹ̀yìn ìwé mi. Àpẹẹrẹ tèmi ni, kí ẹnikẹ́ni fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ká ní owó ẹ̀kọ́ jẹ́ $48,000 fún oṣù 16. Ká ní ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, iná àti owó ìbánigbófò jẹ́ $1,900 lóṣù: oṣù 16 di $30,400. Aṣọ iṣẹ́, ìwé, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwádìí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn ìdánwò, pẹ̀lú $200 ti NCLEX àti owó ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀: kí a fi $4,000 sí i. Lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, kí ó tó ṣe ìdánwò, kí ó tó gba àṣẹ, kí ó tó rí iṣẹ́, kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé, oṣù 3 kò pọ̀jù: $5,700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $88,100. N kò tíì ka èyí tí ìyá ń retí nílé ní ìparí oṣù, bẹ́ẹ̀ ni n kò ka owó àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu ìgbéyàwó àbúrò, tí a kò lè sọ fún ìdílé pé a ń kàwé.

Níbo ni yóò ti wá? Àwọn kan ń gbójú lé owó ọ̀fẹ́ Pell tí Ìjọba Amẹ́ríkà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ aláìní. Pell kò sí fún ẹni tí ó ti ní oyè yunifásítì, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ wa ni ó ti gbà á. Ohun tí ó kù ni ẹ̀yáwó Ìjọba. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí lábẹ́ òbí tí ó sì wà ní irú kíláàsì yìí, kì í ju $12,500 lọ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Bí ẹ̀kọ́ oṣù 16 bá tilẹ̀ kan ọdún ẹ̀kọ́ méjì, $25,000 ni. Ó ku $63,100. Bí ẹni náà bá ń fi $1,500 pamọ́ lóṣù, èyí tí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó ní ọmọ, yóò lo ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kí ó tó pé. Bí kò bá dúró, ilé ìfowópamọ́ aládàáni ni yóò yá a, pẹ̀lú èlé, wọ́n a sì máa béèrè onígbọ̀wọ́. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín buwọ́ lu ìwé onígbọ̀wọ́ láìjẹ́ pé ó ka ìṣirò yìí pẹ̀lú yín.

Ọ̀nà kan wà tí n kò gbọ́ kí àwọn ènìyàn wa máa sọ tó bí ó ti yẹ. Ìjọba àpapọ̀ wọn ní ètò Nurse Corps. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé, lè díje fún un. Bí ó bá rí i gbà, wọn yóò san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní owó ìjẹun lóṣooṣù. Òun náà yóò fi ọdún 2 ó kéré tán ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ibi tí nọ́ọ̀sì ti wọ́n. Ẹni tí ó bá sì ti jẹ gbèsè ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, ètò náà ní apá kejì tí ń san ìdá 60 nínú 100 gbèsè náà fún ẹni tí wọ́n bá yàn, fún iṣẹ́ ọdún 2 ní irú ibẹ̀. Àwa tí Ìjọ ń rán lọ sí abúlé kọ́ ọmọ, kí ni yóò bà wá lẹ́rù nínú ìyẹn?

Èrò tèmi gan-an nìyí, ó sì lè má dùn mọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn ìkánjú: fún púpọ̀ nínú wa, ọ̀nà tí a ń pè ní gígùn ni ó sàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 2, yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀; owó ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún ẹni tí ń gbé àdúgbò náà jẹ́ nǹkan bí $4,000 lọ́dún. Ìdánwò NCLEX-RN kan náà ni, àṣẹ iṣẹ́ kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ṣiṣẹ́ tí yóò sì máa ka ti oyè yunifásítì, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn a sì máa bá òṣìṣẹ́ san nínú rẹ̀. Òfin owó-orí wọn fi àyè gba $5,250 lọ́dún fún irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba owó-orí lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà, kí ó kọ́kọ́ ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Òfin ìjọba àpapọ̀ béèrè ẹ̀kọ́ wákàtí 75 ó kéré tán fún ìyẹn. Bí ó bá ti gbé arúgbó sùn, tí ó ti pààrọ̀ aṣọ ìdọ̀tí ní òru, tí inú rẹ̀ kò rú, ó mọ ohun tí ó ń ra. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, kí ó rí i pé ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, àti pé CCNE tàbí ACEN ti jẹ́rìí sí i, kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé ní Maryland, ni ó kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nínú ohun wọ̀nyí. Oyè ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé lọ. Ó ṣe sáyẹ́ǹsì tán, ó yege, ó kó owó jọ, ó kọ̀wé sí yunifásítì kan fún ẹ̀kọ́ kúkúrú náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ilé, tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jáde fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí WES, àwọn tí ń díwọ̀n oyè ilẹ̀ òkèèrè, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ó san owó rẹ̀ ní oṣù January. Yunifásítì náà ti ilẹ̀kùn ní oṣù May. Ìwé náà kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù August. Èmi ni ó ń rán lọ béèrè. Mo lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Akọ̀wé kan ní kí n padà wá lọ́la, èkejì ní a kò rí ìwé ìṣirò, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi lórí tẹlifóònù, "kí n dúró di ọdún tí ń bọ̀, àbí kí n gba ibòmíràn?" Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni ó gbà lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti di nọ́ọ̀sì láìjẹ gbèsè. Àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ ọ́ sí ọ̀nà tí ó sàn, ṣùgbọ́n n kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí rẹ̀.

Mo wá ń bẹ àwọn alàgbà tí ń ṣàkóso kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa yìí, pẹ̀lú ìtẹríba, kí wọ́n tó ka ẹni tí ń lọ sí ọlọ̀tẹ̀, kí wọ́n wo ọ́fíìsì tí ń fi ìwé èsì ránṣẹ́. Ìwé ńlá kan tí a fi ìlà mẹ́ta sí tó fún iṣẹ́ náà: orúkọ ẹni tí ó béèrè, ọjọ́ tí ó béèrè, ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́. Kí a gbé e sí ibi tí ẹni tí ó bá wọlé yóò ti lè kà á. Bí wọ́n bá gbà, èmi àti ẹni méjì nínú kíláàsì wa ti ṣetán láti máa fa ìlà rẹ̀ ní ọ̀sán Wẹ́sìdé, lẹ́yìn iṣẹ́ oko.