Ẹni tó ṣiṣẹ́ la ọdún já: ẹ jẹ́ kó sùn kó tó wá kí yín

Ní Adabraka, nílùú Accra, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dókítà, oṣù Kejìlá kì í ṣe oṣù ìsinmi fún gbogbo èèyàn. Bí àwọn kan ṣe ń ti òkè òkun wọlé wá ṣe fàájì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì, gáàdì, awakọ̀ àtàwọn alásè òtẹ́ẹ̀lì kì í ráyè jókòó. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, tí ilé wọn jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Èkó. Ìgbà tí ọdún bá kọjá tán ni ọ̀gá máa ń fún wọn láàyè, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dúró gba atẹ́gùn kí wọ́n tó kọrí sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó jí ní aago méjì ọ̀sán, tó wọ iṣẹ́ alẹ́ ní aago mẹ́jọ, tó jáde ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ti wà lójúfò fún wákàtí 18. Ó tún gba gáréèjì Tudu lọ wọ ọkọ̀ Aflao, tàbí kó jókòó sídìí ọkọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún 1997, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá pé wákàtí 24, ó di 0.10. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ti tó kí ọlọ́pàá dá awakọ̀ dúró. Kọfí àtàwọn ohun mímu alágolo tó ń léni lóorun kàn ń ti oorun síwájú ni. Wọn kì í san gbèsè rẹ̀.

Accra sí Èkó kò tó 500 kìlómítà, àmọ́ bodè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Aflao, Hilla-Condji àti Sèmè. Inú oòrùn lèèyàn ti ń tò síbẹ̀. Ẹ sùn lóru kan gbáko kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ̀yin kọ́ lẹ ń wakọ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi.

Lójú tèmi, ará ilé ló ń fa ìkánjú yìí jù. “Gbogbo ọmọ ti dé, ìwọ nìkan ló kù. Ṣé iṣẹ́ ló bí ẹ ni?” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláìsàn mi, mo ti gbọ́ ọ lórí fóònù tèmi náà. Ẹ gbọ́ ná: òkú bàbá àgbà ń dúró ní mọ́ṣúárì títí ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà á fi dé. Kí ló dé tí ìrẹsì Kérésìmesì kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó ló ń dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọ máa ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ tó ń dènà ikọ́ àwúbì, ní Ghana àti ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, àfi ohun tí ìyá rẹ̀ bá ta látaré sí i nínú oyún. Ikọ́ tí àgbàlagbà kà sí eruku ọyẹ́ lè mú kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má lè mí, láìtilẹ̀ húkọ́ rárá. Ẹni tó ti wà láàárín èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló sì ń dé yìí, ó na ọwọ́, ó ní ẹ gbé ọmọ wá. Ìyàwó ilé kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé kó má gbé e. Ìyá ọkọ ló lè sọ ọ́, kó sì tètè sọ ọ́: ẹni tó ń húkọ́ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣomi, kó ti òkèèrè kí ọmọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ ná, kó má sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nínú ilé, òtútù òwúrọ̀ ọyẹ́ àti àìmu omi tó lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ òtútù ni kí ẹ bá a rà bọ̀, ẹ fi bisikíìtì sílẹ̀.

Àǹfààní kan wà nínú kí èèyàn délé lẹ́yìn tí àríyá ti parí: ilé ti dákẹ́, ẹ lè bá àwọn òbí jókòó. Ẹ ní kí Bàbá mú àpò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jáde. Bí páálí oṣù Kọkànlá bá ṣì kún, wọn kò lò ó. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè bóyá owó ló tán ni, àbí oògùn náà ń dà wọ́n láàmú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìfúnpá wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 180 lórí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orí ń fọ́ wọn gidi, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan kò lágbára, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí àlejò pọ̀ tó nílé.