Ta Ni Ó Pa Ehoro Ìyá Aláṣọ?

Mo ti ṣe ìlérí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé ọ̀rọ̀ adìyẹ tí ń jẹ ẹyin ara rẹ̀ ni a ó sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Òṣogbo tí kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mìíràn. Mo fi orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ pamọ́ nítorí ìdí tí ẹ ó rí láìpẹ́. Ìyá kan tí ń ta aṣọ ni. Ó ra ehoro mẹ́ta, akọ kan àti abo méjì, wọ́n bí sí i títí wọ́n fi di mọ́kànlá, ó sì ti fi ọkàn sí i pé owó tí òun bá rí nídìí wọn ni òun yóò fi san owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn òun ní sáà tí ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ:

“Bàbá, ehoro méje ni ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe é bí kò ṣe obìnrin ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, nítorí òun ni ó máa ń wí lójoojúmọ́ pé òórùn wọn kò jẹ́ kí òun sùn. Láti ọjọ́ náà n kò kí i, n kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọ yàrá rẹ̀. Ẹ bá mi wá oògùn tí mo lè fún mẹ́rin tí ó kù, kí ẹ sì kọ́ mi bí a ti ń mọ ẹran tí wọ́n fún ní májèlé jẹ.”

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ó ti ń ka gbogbo làálàá rẹ̀, ni mo rí ọ̀rọ̀ kan tí ó mú mi gbé ìwé náà kalẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ehoro náà bẹ̀rẹ̀ sí sín, tí imú wọn ń ṣàn, òun kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Òun lọ ra ampicillin oníkápúsù, òun sì ń tú u sínú omi mímu wọn ní àárọ̀ àti ní alẹ́, nítorí pé oògùn kan náà ni ó wo ọmọ òun sàn ní ọdún tí ó kọjá. Ní ọjọ́ kejì wọn kò jẹun mọ́. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ń ya ìgbẹ́ olómi, ikùn wọn sì wú.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tí ó kàn. Obìnrin ilé yín kò pa ehoro kankan. Oògùn yẹn ni ó pa wọ́n.

Kí ẹ má ba à rò pé mo ń fi yín ṣẹ̀sín, èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé kan, a ní ehoro mélòó kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀kan ní egbò ní ẹsẹ̀, mo sì lọ oògùn penicillin mọ́ oúnjẹ rẹ̀ bí ẹni tí ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó kú ní ọjọ́ karùn-ún. Mo pe ọmọ tí ń tọ́jú wọn, mo bá a wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò fún ẹran lómi. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń wí pé òun fún un. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ ni ó ń sọ, n kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́ kí n tọrọ àforíjì.

Ohun tí ó ń ṣì wá lọ́nà ni pé a rò pé ehoro jẹ́ ewúrẹ́ kékeré. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewúrẹ́ a máa pọ koríko padà sí ẹnu, a sì tún un jẹ, èyí tí a ń pè ní àpọ̀jẹ. Ehoro kò lè pọ ohunkóhun padà, kò tilẹ̀ lè bì. Koríko tí ó bá jẹ yóò kọjá lọ sí inú ìfun ńlá kan tí ó dà bí àpò, níbi tí àìmọye kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni alásè rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sọ koríko líle di oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ní òru tàbí ní ìdájí, ehoro yóò ya ìgbẹ́ kan tí ó rọ̀, tí ó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, yóò sì fi ẹnu gbà á ní ìdí ara rẹ̀ kí ó tó kan ilẹ̀, yóò gbé e mì. Ẹ má ṣe nà án bí ẹ bá rí i. Kì í ṣe wèrè, oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ ni. Ìgbẹ́ roboto líle tí a ń gbá ní òwúrọ̀ ni èyí tí ó ti jẹ tán pátápátá.

Ẹ wá wo ohun tí ampicillin ṣe. Oògùn apakòkòrò ni, kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó pa àwọn alásè náà. Kòkòrò búburú tí oògùn náà kò ràn wá rí ilé òfìfo, wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n sì ń tu oró sínú ìfun títí ẹran fi kú. Nítorí náà májèlé wà nínú wọn lóòótọ́, ìyá wa, ṣùgbọ́n inú wọn ni a ti sè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi penicillin, ampicillin, amoxicillin, erythromycin, lincomycin tàbí clindamycin sí ẹnu ehoro, ì báà ṣe díẹ̀. Dókítà ẹran lè gún ehoro ní penicillin ní abẹ́rẹ́ nígbà mìíràn, nítorí pé ó mọ ìwọ̀n àti àkókò. Ìyẹn kò sọ ti ẹnu di ohun tí ó dára.

Ìtàn kan wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ sọ fún ọmọ kíláàsì wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù May, ọdún 1940, ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Howard Florey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú eku funfun kéékèèké mẹ́jọ, wọ́n sì gún gbogbo wọn ní kòkòrò àrùn tí ń pani. Wọ́n fún mẹ́rin ní penicillin, wọn kò fún mẹ́rin ní nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn, Norman Heatley, jókòó tì wọ́n di ọ̀gànjọ́ òru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́rin tí kò rí oògùn ti kú. Mẹ́rin tí ó rí oògùn ṣì wà láàyè. Láti inú àgò eku wọ̀nyẹn ni oògùn tí ó ti gba àìmọye ẹ̀mí ti jáde wá bá wa.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1943 àwọn onímọ̀ rí i pé bí a bá gún ẹranko kékeré tí kò ní ìrù nì, tí òyìnbó ń pè ní guinea pig, ní penicillin nìkan láìsí àrùn kankan, ó ń kú. Florey fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé oríire ńlá ni pé eku ni àwọn fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ó bá jẹ́ guinea pig ni, àwọn ìbá pè é ní májèlé, bóyá wọn kì bá sì dán an wò lára ènìyàn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ènìyàn jọ eku. Ehoro jọ guinea pig.

Nísinsìnyí, àwọn mẹ́rin tí ó kù. Ẹ da omi olóògùn náà nù, ẹ fọ ìkòkò rẹ̀ dáadáa. Omi tútù mímọ́ ni kí ẹ gbé fún wọn. Ẹ fún wọn ní koríko, pàápàá eèsún tí a ti sá kí ó rọ. Ẹ má fún wọn ní àgbàdo, búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà, nítorí pé àwọn kòkòrò búburú fẹ́ràn irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Bí èyíkéyìí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran. Ẹ kò sọ ohun tí ẹ ṣe sí òkú àwọn méje náà. Mo bẹ̀ yín, a kì í jẹ ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí a sin ín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí bóyá kì í ṣe àìsàn burúkú tí ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2020 ni. Àìsàn náà wà lóòótọ́, ó sì ń pa ehoro púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ikú òjijì ni tirẹ̀, òmíràn a tilẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀ nímú, kì í ṣe ọjọ́ kejì oògùn ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ehoro bá kú lójijì báyìí, ẹ má ra òmíràn wọlé, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Ó ku ohun tí ó ń mú wọn sín. Ìyá aláṣọ sọ pé inú àpótí pákó lábẹ́ àtẹ̀gùn ni àwọn ehoro ń sùn, àti pé àpò ìdọ̀họ ni òun fi ń bò ó ní alẹ́ nítorí òtútù. Ẹ̀yin ará, òtútù kọ́ ni ọ̀tá ehoro ní ilẹ̀ wa, ooru ni. Ehoro kì í làágùn bí tiwa. Etí rẹ̀ gígùn ni ó fi ń tú ooru dànù. Pákó a máa mu ìtọ̀, ìtọ̀ a máa rà, òórùn rẹ̀ a sì máa ta imú àti ẹ̀dọ̀fóró bí ata. Ẹran tí ń mí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru kò lè ṣe kí ó má sín. Ẹ rí i báyìí pé obìnrin tí ẹ kò kí mọ́ ni ó kọ́kọ́ rí àìsàn náà, tí ó sì ń sọ ọ́ fún yín lójoojúmọ́.

Ẹ gbé wọn kúrò níbẹ̀. Kí ilé wọn ga kúrò nílẹ̀, kí ó wà ní ibòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà tàbí ọparun tí a là tí a sì fi àyè sí láàárín kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan sí igun kan kí ẹsẹ̀ wọn lè sinmi. Kí ẹ máa gbá abẹ́ rẹ̀ ní àràárọ̀, ẹ má fi di ọ̀túnla, nítorí pé ẹyin kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ ehoro tí ń ba ìfun àti ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn jẹ́. Ó ń fẹ́ bí ọjọ́ méjì nínú ọ̀rinrin kí ó tó lè ràn. Ẹni tí ó bá gbálẹ̀ lójoojúmọ́ ti gbá a nù kí ó tó dàgbà. Yúnyún àti ewé ọ̀dùnkún dára fún wọn, ṣùgbọ́n kí ìrì kọ́kọ́ gbẹ lára rẹ̀. Ewé píà ni kí ẹ má dán wò.

Olùkọ́ tí ó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde pé abo ehoro òun kọ ọmọ sílẹ̀, tí ó fẹ́ máa fi mílíìkì inú agolo bọ́ wọn: ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ehoro fi ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ní òru nígbà tí ẹ ń sùn. Ẹ wo ikùn àwọn ọmọ náà ní òwúrọ̀. Bí ó bá yọ roboto, tí ara wọn sì gbóná, ìyá wọn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà mìíràn, bí ẹ bá gbé abo lọ sínú ilé akọ, kí ẹ ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kí ẹ gbé àpótí àti koríko gbígbẹ fún un, nítorí pé bí ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni yóò bí.

Ìyá aláṣọ, bí ẹ bá ti tún ilé wọn kọ́ tán, ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá iwájú yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí kà níbí fún obìnrin náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ bi í bóyá òórùn náà ti lọ. Imú rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bí ilé náà bá ti mọ́ tó. Ẹ kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Adìyẹ tí ń jẹ ẹyin di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.